Fa Ìbomú Sílẹ̀ Kí O Tó Kí Wọn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi nílé lóṣù tó kọjá. Ó ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ó ká a sínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn dáa? Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún mi o." Mo ní kó jókòó. Mo gbé omi ka iná pé kí n fi po tíì fún un, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nígbà tí mo fi máa rántí omi náà, ó ti gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ló wà níbí yìí, àti ibì kan tí mo fò kọjá lọ́jọ́ náà nítorí pé mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni Làmídì Àkànjí. Tí ẹ bá dé Mọ́níyà tí ẹ ní Làmídì lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Làmídì wo. Bàbá Fèrèsé ni kí ẹ béèrè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe àtẹ́ńdáǹtì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ mi ni kí n nu ilẹ̀, kí n se aṣọ, kí n po omi apakòkòrò, kí n sì rí i pé ohun tó ń ṣe aláìsàn kò ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí. Èmi ni mo fi kún un, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó lè gbé korobá omi méjì láti ìdí kànga dé wọ́ọ̀dù láì sinmi. Mo gbé e, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù náà kéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Sísítà Ọláitan, nọ́ọ̀sì àgbà tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù nígbà náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́ tó ń wò ọ́, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó o ṣe.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ó da epo pupa tó ti po èédú lílọ̀ mọ́ sí i, ó ní kí n fi ra ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ dì mí lójú, ó fà mí lọ sídìí ọpọ́n omi àti ọṣẹ.

Ó ní, "Fọ̀ ọ́. Tó o bá ti mọ̀ pé ó mọ́, sọ fún mi."

Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́. Mo ní, "Ó ti mọ́, mà."

Ó tú aṣọ lójú mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ bí àwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àtàǹpàkò mi dúdú, àárín ìka mi dúdú, abẹ́ èékánná mi dúdú. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo ń yí ọwọ́ náà padà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ó ní, "Ọwọ́ tó o rò pé ó mọ́ yìí lo máa fi gbé oúnjẹ fún ọmọ rẹ lálẹ́. Ó dọ̀la."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ ọwọ́ pẹ̀lú aṣọ lójú. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ fọ ọwọ́, ojú mi á kọ́kọ́ dì fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà ni mo ń gbà fún ọṣẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti èéfín. Sísítà tanná sí kọ́ìlì tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn, ó fi sínú àwo, ó gbé àwo náà sórí bẹ́ẹ̀dì kan tó ṣófo, ó ní kí gbogbo wa dúró yí i ká.

Ó ní, "Ẹnu aláìsàn nìyí. Èéfín yìí ni èémí rẹ̀. Ta ló ń fà á símú?"

Nọ́ọ̀sì tó dúró lápá ọ̀tún ti ń wúkọ́. Sísítà nawọ́ sí i. "Ìwọ lo máa kó o." Ó wá ní kí n ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn. Èéfín náà tẹ̀ bí okùn tí ènìyàn fà, ó gba fèrèsé ìwọ̀ oòrùn jáde. Ó ní, "Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni kí ẹ máa dúró sí. Ẹ má dúró síbi tó ń gbà jáde."

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí wọ̀ mí lára. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ya bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá inú wọ́ọ̀dù sí i, mo ń tan kọ́ìlì sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ibi tí èéfín gbà. Ti ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ìgbà ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀dì keje kò dáa nígbà kankan nítorí kọ́bọ́ọ̀dù tó dí i lójú. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méjì kí wọ́n tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Bàbá Fèrèsé, nígbà tí mi ò tíì bí ju ọmọ kan lọ. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ ju ìwé àtijọ́ kan nù, ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn nípa àrùn tó ń ràn; mo bẹ̀ ẹ́, mo gbà á. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n mo ń fi díkíṣọ́nárì tú u ní ojú ewé kan lọ́sẹ̀ kan. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí àwòrán ọ̀fun ọmọdé kan tí nǹkan bí awọ eléèérú bò. Dìfitéríà ni wọ́n pè é. Mo wo àwòrán náà títí. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì àti dókítà máa ń kó o lára ẹni tí wọ́n ń tọ́jú, nítorí pé ojú wọn ló máa ń sún mọ́ ẹnu aláìsàn jù.

Ìbomú wa nígbà náà, aṣọ ni. Tẹ́lọ̀ ló ń rán an, aṣọ funfun ìlọ́po mẹ́rin, okùn mẹ́rin. Èmi ni mo ń sè é, ogún ìṣẹ́jú láti ìgbà tí omi bá ti hó, mo ń sá a sóòrùn, mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Mo fi òwú pupa sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí apá tó ti fi kan aláìsàn padà sójú ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù, àgbẹ̀ láti ọ̀nà Akínyẹlé, ó ń wúkọ́. Àwa mẹ́ta wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbomú lójú. Bàbá náà wò wá, ó kọjú sógiri.

Ó ní, "Ṣé mo ti ń rùn ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín wa, ẹni tó bá bo imú níwájú ènìyàn ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá náà kò gba oògùn lọ́wọ́ wa. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ gbé òun lọ sílé.

Sísítà Ọláitan ronú lé e fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá pè wá jọ, ó fún wa ní òfin kan. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí aláìsàn. Ẹ fa ìbomú sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ojú yín, ẹ kí i dáadáa. Ẹ fà á padà, kí ẹ tó sún mọ́ ọn." Ó rìn ín fún wa: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ó dára gan-an. Àwọn àgbà fẹ́ràn wa nítorí òfin yìí, wọ́n á ní àwọn ọmọ ilé ìwòsàn yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.

Kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́fà yẹn sọ́kàn.

Ọdún ń lọ. Sísítà fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ó sì ti di olóògbé báyìí. Ìkòkò tí a fi ń se abẹ́rẹ́ kúrò, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù dé. Ọpọ́n ìfọwọ́ kúrò, korobá tó ní ẹnu ẹ̀rọ dé. Ìbomú aṣọ lọ, ti bébà dé, èyí tó le bí èèpo dé lẹ́yìn rẹ̀. Bíliìsì dé, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó: ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá kán sí, àràárọ̀ ni kí ẹ pò ó ní tuntun, nítorí pé ti àná ti kú. Wọ́n kọ́ ilé tuntun fún wa pẹ̀lú yàrá tí aláìsàn ti ń kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Mo wọn fèrèsé rẹ̀, mo tan kọ́ìlì síbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà kòrónà, gbogbo ayé bo imú, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn kòrónà ó sú gbogbo wọn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, èmi ni mo di ẹni tó ń kọ́ àwọn tuntun. Mo ń fi epo àti èédú ra ọwọ́ wọn. Mo ń tan kọ́ìlì fún wọn. Mo sì ń sọ fún wọn pé, "Fa ìbomú sílẹ̀ kí o tó kí wọn." Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó rọrùn lẹ́nu.

Tọ́pẹ́ wà lára wọn. Ọmọ àdúgbò Ọlọ́runṣògo ni, òṣìṣẹ́ ìlera tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ìjọ Kérúbù. Ẹlẹ́nu ni. Lọ́jọ́ tí mo di ojú rẹ̀ tó fọ ọwọ́ tán, kò sí dúdú kankan níbẹ̀. Mo wo abẹ́ èékánná, mi ò rí nǹkan kan.

Mo ní, "Ta ló ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gúsí tí màmá mi máa ń ní kí n bó láti kékeré ni, sà. Ọwọ́ tó bá dọ̀tí ò gbọdọ̀ wọ inú igbá wọn."

Inú ọyẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bọ́ sí, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tó dé. Ó tó aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá àgbà kan gun ọ̀kadà wá láti abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sáàárín òun àti ọlọ́kadà. Sẹ̀kínà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ ọdún méje. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò lè gbé itọ́ mì dáadáa. Nígbà tí akọ̀wé bi ìyá àgbà pé kí ló ń ṣe ọmọ, ó ní, "Bẹ́lúbẹ́lú ni." Akọ̀wé kọ bẹ́lúbẹ́lú sínú káàdì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀fun tó bá ń dun ọmọ, bẹ́lúbẹ́lú. Ọ̀fun tó wú, bẹ́lúbẹ́lú. Ọmọ tó ké jù ní ilé ìwé, bẹ́lúbẹ́lú. Ẹni tó bá rí bẹ́lúbẹ́lú nínú káàdì, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Tọ́pẹ́ ló máa wò ó. Èmi wà nínú yàrá náà, mo ń nu ilẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Tọ́pẹ́ wọlé pẹ̀lú ìbomú lójú, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó fa ìbomú náà sí àgbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ìnira ọmọ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó di àgbọ̀n Tọ́pẹ́ mú. "Ọmọ tó lẹ́wà báyìí, kí lo ń fi nǹkan bo ojú sí? Ta ni bàbá ẹ?"

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n, mà. Wọn ò lẹ́wà tó mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Sẹ̀kínà wúkọ́, ìwúkọ́ tó ní omi nínú, lójú Tọ́pẹ́ gbangba. Tọ́pẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi," ó fa ìbomú padà, ó mú tọ́ọ̀ṣì.

Mo rántí ohun tó wà lọ́kàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kí ènìyàn. Inú mi dùn sí i.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Bàbá Fèrèsé, mo rí nǹkan kan lọ́fun ọmọ yìí. Ó dà bí awọ tó máa ń wà lórí ògì tó bá ti tutù. Mo fi igi kàn án, ó ṣẹ̀jẹ̀."

Mo ní, "Àwọ̀ wo ni?"

"Bí eérú."

"Ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wú. Mo rò pé sísanra ni."

Mo jókòó sórí korobá. Àwòrán inú ìwé àtijọ́ yẹn ló dúró níwájú mi, ojú ewé tí mo ti wò títí láti bí ogún ọdún, tí mo rò pé mi ò ní rí i lójú ayé mi.

Mo sáré pe dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Ó wo ọ̀fun náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Wọ́n fi ọmọ náà sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro Ìbàdàn, níbi tí oògùn tó ń pa oró àrùn náà wà. Mo fi bíliìsì fọ bẹ́ǹṣì, ilẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, tọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni dókítà pe gbogbo àwa tí a wà ní yàrá yẹn jọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí àrùn náà mú ẹni tó ti sún mọ́ ọn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ fún: ìyá àgbà, ọlọ́kadà, akọ̀wé. Ó wo àwa tó kù.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ìbomú wà lójú gbogbo yín títí ọmọ yẹn fi jáde?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ sì ni, tèmi wà lójú mi. Tọ́pẹ́ wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ó wà lójú mi, sà."

Ibi tí mo fò kọjá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo mọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Kí ni mo rò? Mo rò pé kò pẹ́, kò ju kí ènìyàn ka ení dé ẹ̀wá lọ. Mo rò pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún un ní kékeré á gbà á. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé agbára abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dín kù bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, pé ó yẹ kí wọ́n máa fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ wa ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀. Tó bá sọ pé òun fà á sílẹ̀, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ìtìjú yẹn ni mo ń sá fún. Òun náà ń dáàbò bò mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló ń dáàbò bo èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ dúró nínú yàrá kékeré yẹn. Mo fi ẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sídìí bẹ́ǹṣì. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Orúnkún mi kan bẹ́ǹṣì. Láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, mo ti wọn fèrèsé rẹ̀, mo ti wọn òrùlé rẹ̀, mi ò fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ rẹ̀ rí. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà Sísítà kò wọ inú yàrá yẹn. Mo sì wá ronú padà sẹ́yìn, bóyá mo ti sọ ìṣísẹ̀ mẹ́fà fún ẹnikẹ́ni rí nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́. Mi ò rántí ẹnì kan. Ìkíni ni mo kọ́ wọn. Mo ti gbàgbé àlàfo rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Tọ́pẹ́ wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìborùn tó wé mọ́ ọrùn. Ohùn rẹ̀ ti ha. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ọ̀fun ló kàn ń ro mí díẹ̀. Bẹ́lúbẹ́lú ni."

Òun tó rí ọ̀fun Sẹ̀kínà, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo mú un lọ sídìí fèrèsé, mo dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, mo ní kó yanu. Lápá òsì, lẹ́yìn ahọ́n, eérú wà níbẹ̀. Kò tíì fẹ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ.

Mo ní, "Pa ẹnu rẹ dé."

Ó wo ojú mi, ó mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sọ fún màmá mi."

Mo lọ bá dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: bó ṣe kúnlẹ̀, bó ṣe fà á sílẹ̀, bí ọmọ náà ṣe wúkọ́ sí i lójú, pé mo wà níbẹ̀, pé mo dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Èmi ni."

Ó ní, "Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti fún un ní oògùn ṣáájú akọ̀wé." Kò bú mi. Ó gbé fóònù, ó ń wá ọkọ̀.

Ọjọ́ méjìlélógún ni Tọ́pẹ́ lò ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa oró náà lọ́jọ́ tó débẹ̀, ìyẹn ló gbà á. Wọn ò jẹ́ kó dìde jókòó láìsí ẹni tó dì í mú, nítorí pé oró àrùn náà máa ń lọ bá ọkàn. Mo ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo ń dúró síta lójú fèrèsé gíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ti ń gbádùn, tó ti ń juwọ́ sí mi, nọ́ọ̀sì fún un ní omi. Ó mu ún. Omi náà gba imú rẹ̀ jáde. Ó wò ó lórí aṣọ rẹ̀, ó tún gbìyànjú, ó tún gba imú jáde. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé òkè ọ̀fun rẹ̀ ló ti rọ, pé á padà bọ̀ sípò. Mo gbọ́.

Ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, láì wọ bàtà. Mo ti ń yẹra fún un. Lọ́jọ́ omi yẹn, ó wá dúró tì mí.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó máa ṣí ojú kí ènìyàn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá. Èmi ni mo kọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó dárí jì mí ni tàbí ó kàn ń sọ ohun tó ń dùn ún.

A ṣe àwọn àtúnṣe kan lẹ́yìn náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́, látorí dókítà dórí èmi. A gbé bẹ́ǹṣì aláìsàn kúrò nínú yàrá kékeré lọ sí abẹ́ òrùlé ìta. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìlà yẹn ni wọ́n ti ń kí ènìyàn, ìbomú kò sì kúrò lójú. Kí àwọn àgbà má baà bi wá bóyá wọ́n ń rùn, a lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ ayàwòrán kan ní Mọ́níyà, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, a fi ọ̀rá bò ó, a gbé e kọ́ àyà. Akọ̀wé kì í kọ bẹ́lúbẹ́lú nìkan mọ́. Ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ọmọ lè gbé itọ́ mì, bóyá ọrùn rẹ̀ wú. Kí ó sì tó béèrè, á kọ́kọ́ fún ẹni náà ní ìbomú.

Sẹ̀kínà yè. Ìyá àgbà gbé e wá láti dúpẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo fọ́tò àyà wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ọmọ tó kí mi dáadáa yẹn dà?"

Mo ní, "Ó lọ sinmi díẹ̀, mà."

Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Irú wọn ò pọ̀ mọ́."

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ṣe ìdágbére ránpẹ́ fún mi lábẹ́ òrùlé ìta yẹn, wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì aláìsàn. Tọ́pẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ sípò, àfi tó bá rẹ̀ ẹ́ tó máa gba imú díẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó rìn dé ìlà pupa, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Fọ́tò rẹ̀ wà láyà, èyí tó yà nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ rù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìbomú bo ojú rẹ̀ dé abẹ́ ẹyinjú.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fèrèsé. Ẹ kú làálàá ọjọ́ pípẹ́."

Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó o bá kọ fọ́ọ̀mù yẹn, rántí ìṣẹ́jú yìí. Gbogbo ohun tí mo ti kà, gbogbo ohun tí mo ti rí, omi tó gba imú jáde, kò sí èyí tó dí ìfẹ́ yẹn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́: fà á sílẹ̀.

Mo gbé e mì. Mo ní, "Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti rí ọ."